Ìpín Mo-Mọ̀ Nínú Odi

Kí oòrùn tó yọ tán, ọkùnrin tí à ń pè ní Mo-Mọ̀ ti dé ìdí odi pẹ̀lú dígà àti àpò òfìfo léjìká. Agídí ni àrùn tó ń ṣe é, ojúkòkòrò ló sì gùn ún lẹ́ṣin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní iná ń jó o láṣọ, á ní, "Mo mọ̀." Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ìgbàgbé, Mo-Mọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni abúlé wa wà, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí. Lókè wa ni ilé iṣẹ́ tó ń wa kùsà wà. Wọ́n gbẹ́ adágún kan síbẹ̀ tí wọ́n ń da omi pupa tí wọ́n fi fọ òkúta sí, bí òjò bá sì ti pọ̀, omi náà a kún, a dojú kọ wá. Odi ló ń gbà wá. Òkúta tí ilé iṣẹ́ náà dà nù ni àwọn bàbá wa fi mọ ọ́n. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣísẹ̀ tí yóò máa tún ṣe, ọmọ ọdún mẹ́fà sì mọ ibi tí tiwọn parí sí.

Lọ́dọọdún ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ń gbé ìwé wá, pé ká fọwọ́ sí i, ká kó lọ, kí wọ́n lè fẹ adágún wọn dé ibi tí a ń gbé. Ìyá Mo-Mọ̀ ló ń hun agbọ̀n tí a fi ń ru erùpẹ̀ odi. Lọ́dún kan, ó fi ìwé náà nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà fún akọ̀wé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Akọ̀wé ní, "Màmá, odi yẹn ò lè dá dúró títí."

Ó dá a lóhùn pé, "Kò dá dúró rí, ọmọ mi. Àwa là ń dá a dúró."

Nígbà tó yá, ìròyìn kàn pé kùsà ṣì kù nínú òkúta tí wọ́n ti dà nù láyé àtijọ́. Gbogbo wa la gbọ́. Mo-Mọ̀ nìkan ló gbọ́ ọ, tó sì yíjú sí odi. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń yọ òkúta inú ìpín rẹ̀. Ó ń gún un, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń rọ kùsà inú rẹ̀, iyanrìn dúdú tó wúwo bí irin, sínú àpò, ó sì ń kó o sí yàrá. Koríko ló fi dí ihò, ó wá fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ lójú. Ó dán ju ti gbogbo wa lọ, àmọ́ àmì ìka ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ará ilé ló máa ń jọ rẹ́ ìpín wọn.

Ìyẹn ló ta Bàbá Olódi lólobó. Òun ni alábòójútó odi, awakùsà àtijọ́ sì ni. Ó fi ọ̀pá kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pe Mo-Mọ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ìpín rẹ ń dún bí àgbá òfìfo."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣebí ìpín tèmi ni?"

"Tìrẹ ni. Omi ni kò mọ ààlà."

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Bàbá Olódi sọ fún ìyá Mo-Mọ̀, ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀. Ìpàdé abúlé fún un ní ọjọ́ mẹ́ta péré láti dí ihò náà padà. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ó dìgbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń ra kùsà bá wá kó àpò òun lọ ní ọjọ́ kẹrin.

Òjò kò dúró de ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ló rọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́; ẹnu tí Mo-Mọ̀ là sára odi ni omi pupa gbà wọlé. Ó kọ́kọ́ tóbi bí ìka, láìpẹ́ ó tóbi bí itan. Ilé ìdáná Mo-Mọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wó. Tọkùnrin tobìnrin ń da erùpẹ̀ síbẹ̀, omi ń gbé e lọ bí ẹni ń gbé ẹ̀kọ mu. Bàbá Olódi ní àfi ohun tó bá wúwo. Kò dárúkọ nǹkan kan, àmọ́ gbogbo ojú yí sí yàrá Mo-Mọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Màmi, iṣẹ́ oṣù méje ló wà níbẹ̀ o."

Ìyá ní, "Mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ apá ọmọ rẹ̀ kọjá, ó di etí àpò kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ jáde. Bàbá Olódi di etí kejì. Gbogbo àpò náà la kó sínú ihò, kò ku ẹyọ kan. Omi dúró. Yàrá tó ṣófo náà, tí omi ti rin ìdí ògiri rẹ̀, wó lójú wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé dé pẹ̀lú ìwé, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ó ní a ti wá rí i báyìí. Ìyá Mo-Mọ̀ na agbọ̀n sí i, pé kó bọ́ bàtà, kó bá wa ru erùpẹ̀, tàbí kó máa lọ. Ó lọ.

Ìpàdé wá gba ogún ìṣísẹ̀ náà lọ́wọ́ Mo-Mọ̀, wọ́n fi fún ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò ní ìpín nínú odi kò ní ohùn nínú ìpàdé. Bàbá Olódi bi í bóyá ó gbọ́. Gbogbo wa ń retí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ. Ó gbé dígà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀yin èwe ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ti Mo-Mọ̀ kọ́gbọ́n. Ìmọ̀ràn tí a bá kọ̀ kì í padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí dè wá. Ohun tí a jọ fọwọ́ mọ, kò sẹ́ni tó ní ìpín tó lè dá fọ́ níbẹ̀, nítorí omi tó bá gba ọ̀dọ̀ mi wọlé kò ní mọ sí ilé mi. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ wa ti ń wá ihò láti òkè tipẹ́tipẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ ká bá a gbẹ́ ẹ. A ò kó lọ. A ò sì ní kó lọ.