Wọ́n Ṣì Ń Pè Mí Ní Ìyàwó

Orúnkún ń ro mí.

Irun mi ti funfun tán, "Ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè mí nílé yìí, ní Ọ̀fàdà.

Ròkíátù, àbúrò ọkọ mi, ń ha káàdì fóònù ẹ̀. Ìkókó ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, àmọ́ mo bá a nílé. Ọ̀gá mi ni.

"Ìyàwó, ṣé o ò tíì ṣa ìrẹsì yẹn tán ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Òkúta inú ẹ̀ pọ̀."

Mọ́tò dúdú kan wọlé. Òyìnbó kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn yìí sọ̀ kalẹ̀.

Ròkíátù gbé àga fún un. Kò jókòó. Iwájú atẹ ìrẹsì mi ló ti wá tẹrí ba.

"Ọmọọba," ó fi èdè bàbá mi sọ ọ́, "wọ́n ti fagi lé òfin tó lé ìdílé yín kúrò nílùú. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Gbólóhùn tí bàbá mi, ọba tí wọ́n lé ní Yúróòpù, ń retí títí ó fi kú sílùú onílùú nìyẹn.

"Ìyàwó, kí ni òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ wí?"

"Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, ọkọ mi."

Ròkíátù fa atẹ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ó ń ṣa òkúta.

"Sọ fún un pé ilé lo wà."