Fìlà Tí Ń Wọn Làálàá

Fadérera tún dé fìlà ìdánwò, ó kọjú sí ìṣirò mátíríìsì tí wọ́n fún un. Ó yọ ìlà kan kúrò nínú ìkejì, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di òdo, ìdáhùn jáde. Iná orí fìlà ò tàn.

“Mo ti ṣe tán, Mà.”

Dókítà Akínṣípẹ̀, olùkọ́ wọn, wo fìlà náà. “Ìdáhùn rẹ tọ̀nà, àmọ́ ẹ̀rọ lásán pàápàá lè mú ìdáhùn jáde. Làálàá ọpọlọ la fi ń fúnni ní máàkì. Fìlà ní ọpọlọ rẹ ò ṣe wàhálà kankan.”

“Ó ti mọ́ mi lára ni, Mà. Mo ti ń tún un ṣe látàárọ̀, gbogbo ara ló ń ro mí.”

“Fìlà ò ka ti ara.” Dókítà fúnra rẹ̀ yán.

Túnmiṣe tó jókòó tì í ti gba máàkì tirẹ̀ pé. Láti àárọ̀ ni iná rẹ̀ ti ń tàn. Ó rọra bi Fadérera pé, “Jọ̀ọ́, kí ni òdo yẹn tiẹ̀ wà fún?”

Fadérera mí kanlẹ̀, ó ṣàlàyé. Kò yé e. Ó gba ọ̀nà mìíràn, ó fi àga kíláàsì ṣàpèjúwe, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Túnmiṣe ṣì ń wò ó bí ẹni ń wo òkè nígbà tí iná tàn lórí fìlà Fadérera.

“Ó tó,” ni Dókítà wí. “Máa lọ sùn.”