Èèpo Edé Nínú Ìgẹ̀rẹ̀

Ìgẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré ni mo máa ń dẹ sínú ọ̀sà lẹ́yìn ilé, kí èmi àti ìyàwó mi ṣáà lè rí edé jẹ. Olè wo ló wá ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, tó ń kó èèpo rẹ̀ jọ sínú ìgẹ̀rẹ̀, tí okùn tí mo fi di ẹnu rẹ̀ kò sì tú?

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Mọ́rádéùn," ni ìyàwó mi wí. "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn."

Inú bí mi. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mo tukọ̀ lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú omi, ṣùgbọ́n okùn ìgẹ̀rẹ̀ ń mì. Mo fà á.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ omi: "Ẹ rọra fà á, Bàbá Mọ́rádéùn. A ò tíì jẹun tán."