Ẹyin Pupa Tí Kì Í Fọ́

Kó! Ẹyin Àjíǹde ìyá àgbà ti kan ti Zinaída, aládùúgbò rẹ̀, fọ́.

"Háà, ìyá! Kí lẹ ń fún adìẹ yín jẹ?"

"Àdúrà àti àlùbọ́sà!"

Ní ìjọ àwọn ará Rọ́ṣíà ní Bẹ́lígréèdì, wọ́n máa ń fi ẹyin sísè tí wọ́n pa láró pupa kan ara wọn lọ́jọ́ Àjíǹde; ẹni tí tirẹ̀ ò bá fọ́ ló ń gbé búrẹ́dì ńlá lọ sílé. Ọdún kẹfà rèé tí ìyá àgbà ń fi ẹyin onígi tó kùn ní pupa gbé e lọ. Ó wá ku àlùfáà nìkan.

"Kristi jíǹde!"

"Ó jíǹde lóòótọ́, Bàbá!"

Kó! Kò sí èyí tó fọ́. Wọ́n tún fi wọ́n kan ara wọn. Kó!

Àlùfáà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹ̀ sétí ìyá àgbà.

"Màmá, igi wo lẹ fi gbẹ́ tiyín?"