Ta Ni Yóò Bá Alhájà Wọlé?

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Labeebah máa wá sílé Alhájì Àtàndá ní Ẹdẹ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn tó ní àìsàn MS, èyí tó ń ba iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ló máa ń là lọ́yẹ̀ nípa ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara. Alhájà Sìmbíátù, ìyàwó Alhájì, ló ń ṣàìsàn. Ojú òsì rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kú. Dókítà ní láìsí àwòrán, òun kò lè mọ oògùn tí òun máa fún un. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ yà á.

“Ẹ máa dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú ẹ̀ ni, Mà. Ó máa pariwo, àmọ́ kò ní fọwọ́ kàn yín.”

“Bí Alhájì bá bá mi wọlé, tí wọ́n dúró tì mí, màá ṣe é,” ni Alhájà wí. “Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò lọ.”

“Àwọn ará ọsibítù á gbà. Wọ́n á kàn yẹ Alhájì wò bóyá irin wà lára wọn, bí wọ́n ṣe máa yẹ ẹ̀yin náà wò ni.”

Alhájì rẹ́rìn-ín, eyín góòlù rẹ̀ yọ. “Mo ti ní màá wọlé. Ṣùgbọ́n eyín Mẹ́kà ìyàwó mi ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní òòfà ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn.”

“Sà, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òòfà kì í fa góòlù.”

“Bí kì í bá ṣe ojúlówó ńkọ́?”

“Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi o!” ni Alhájà wí. “Mẹ́kà tí ẹ lọ ṣáájú mi kọ́ lèmi náà lọ ni?”

Labeebah mí kanlẹ̀. Ó yọ òòfà kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ náà, ó sì gbé e sún mọ́ eyín Alhájà. Òòfà náà kò mira.

“Ẹ wò ó, Sà.”

Alhájì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bútà dání.

“Wọn ò tíì pe Àsárì,” ni Alhájà wí.

“Mo fẹ́ tètè ṣe àlùwàlá ni.” Ó dúró. “Roqeebah àbúrò ẹ ńkọ́? Kí ló dé tí kò fi lè bá ẹ wọlé?”

“Ṣé Roqeebah ló fẹ́ mi?”

Inú bí Labeebah wàyí. “Sà, ojú Alhájà ń lọ. Kí lẹ ń fẹ́ gan-an?”

Alhájì gbé bútà rẹ̀ jáde. Alhájà yí ojú sí ògiri. Labeebah kó báàgì rẹ̀, ó jáde lọ wá kẹ̀kẹ́.

Kò tíì rí kẹ̀kẹ́ tí Alhájì fi bá a lójú títì. Omi àlùwàlá ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ bá mi wá ẹni tó máa yọ eyín góòlù tèmi kí ilẹ̀ tó ṣú,” ó ní, “torí Èkó ni mo ti fi í sẹ́nu, ibẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ́dún tí gbogbo Ẹdẹ wá kí mi kú àbọ̀ Mẹ́kà.”