Àpá Ojú Awò Ìbọn

Wọ́n ní kí Máfọwọ́kàn-án má ṣe wọ yàrá ìbọn mọ́ títí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Inú yàrá yẹn ni irun orí rẹ̀ ti funfun. Òun ló ń tọ́jú ìbọn gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, pàápàá awò orí ìbọn, èyí tí ayìnbọn ń fojú sí kí ohun tó wà lókèèrè lè súnmọ́ ọn bí ẹni pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló fi Máfọwọ́kàn-án sọ ọ́ lórúkọ, nítorí bí èèyàn bá ti na ìka sí dígí awò báyìí, igbe tó máa ń ké nìyẹn. Ó máa ń wí fún wọn pé iyanrìn le ju dígí lọ, pé ẹni tó ń fi ẹ̀wù nu awò kò nù ún, ó ń họ ọ́ ni. Kí wọ́n fẹ́ eruku kúrò ná, kí wọ́n tó fi aṣọ kàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ta kókó. Àwọn tó ń jí ẹran igbó pa ti yìnbọn pa ẹ̀ṣọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, Àwòdì, ayìnbọn tí ọta rẹ̀ kì í tàsé, ti wà lórí àpáta tó ń dè wọ́n, pẹ̀lú àṣẹ pé kó yìnbọn lu ẹni tó bá ṣáájú lẹ́sẹ̀. Àwọn olè náà kọjá, Àwòdì kò yìn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ìbọn lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó ní òun kò rí nǹkan kan, àpá ti bo ojú awò. Ọ̀gá wò ó. Àpá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Láti ìgbà náà ni ojú ti ń ti Máfọwọ́kàn-án. Lẹ́nu géètì, ó kí opó ẹ̀ṣọ́ tó kú, obìnrin náà gbójú kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Máfọwọ́kàn-án, ta ló wá fọwọ́ kàn án?" Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òun ló ṣe é. Bóyá iyanrìn wà lára aṣọ tó fi nù ún. Bóyá ọwọ́ àgbà ti ń gbọ̀n láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná tẹ ọrùn fún ọmọ wọn ọkùnrin, tó ní òun sùn lé e ni. Ọmọ náà rí ojú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Èmi á máa bọ́ yín."

Ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́ gidi kan ṣe ló ń wí bẹ́ẹ̀. Orí Máfọwọ́kàn-án wú, ojú sì tún tì í sí i.

Nírọ̀lẹ́, Àwòdì wá kí i. Etí àga ló jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti bẹ ọ̀gá. Wọn ò ní lé yín, ẹnu géètì ni wọ́n máa gbé yín lọ."

"Kí n máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́?"

Àwòdì wo ilẹ̀. "Ọmọ yín ńkọ́? Ẹ ò ṣe rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá ẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún?"

"Ọ̀rọ̀ tèmi là ń sọ, ò ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi!"

"Kó tètè lọ ni mo wí, ẹ̀gbọ́n."

Kò mu omi tí wọ́n gbé fún un kó tó dìde.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, gbogbo ẹ̀ṣọ́ pé, opó náà sì wà níbẹ̀. Awò wà lórí tábìlì. Máfọwọ́kàn-án tọrọ àyè kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó dà á síhìn-ín, ó dà á sọ́hùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú dígí kọjá. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó! Àpá aṣọ máa ń tín-ín-rín bí irun, á sì máa yí po, torí bí ọwọ́ ṣe ń yí náà nìyẹn. Èyí gùn tọ̀ọ̀rọ̀, ó sì jìn. Ṣóńṣó ọ̀bẹ ló ṣe é. Mi ò fi ọ̀bẹ nu awò rí láyé mi!"

Gbogbo ojú yí sí Àwòdì.

"Èmi ni," ni Àwòdì wí. "Èmi ni mo fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ọ̀gá, ẹ lé mi, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀."

"Kò lè parí síbẹ̀!" ni Máfọwọ́kàn-án wí. "Kó sọ ìdí tó fi ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn."

"Bẹ́ ẹ! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀rù ló bà ọ́ lórí àpáta, o wá fi orúkọ mi bo ojo rẹ."

Opó náà dìde dúró. "Ta lò ń bò láṣìírí?" ni ó bi Àwòdì.

Àwòdì kò wo obìnrin náà, Máfọwọ́kàn-án ló ń wò.

"Kò sí àpá kankan lójú awò nígbà tí mo fojú sí i, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀ ló ṣe mọ́ kedere, ọmọ yín ni mo sì rí tó ṣáájú wọn."