Nígbà tí Zubaidah Jókòó Jẹ́ẹ́

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í yọ yín lẹ́nu rárá, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Mùjíbátù ń yan gàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Zubaidah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Dáwùn síńdróòmù, àbùdá tí wọ́n bí i mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kí ọmọ tètè rìn tàbí kó tètè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn, ṣùgbọ́n nígbà tó rìn tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélé mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti da gàrí sínú agbada báyìí, ìdí iná ló ń sáré lọ. Mùjíbátù á fi ọwọ́ kan yan gàrí, á fi èkejì di aṣọ ọmọ mú. Tílẹ̀ bá fi máa ṣú, gbogbo ara ló ń dùn ún.

2.
Dókítà Títíladé ní ọsibítù Ìbàdàn ti kìlọ̀ fún un.

"Ìyá Zubaidah, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ máa gbé e wá lọ́dọọdún. A ó máa yẹ ọkàn, etí, ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àìsàn tó ń ṣe irú wọn kì í pariwo."

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lọ, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó tún yí po, ọjọ́ ọsibítù bọ́ sí ọjọ́ tí oníbàárà ń retí gàrí rẹ̀ ní Ṣáṣá. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é.

"Mùjíbátù, ọmọ tó ń sáré kiri yìí lo fẹ́ lọ jẹ́ kí wọ́n gún lábẹ́rẹ́? Àìsàn lo fẹ́ fọwọ́ pè yẹn."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀kadà dé Mọ́níyà, ọkọ̀ dé Ìbàdàn, ìjókòó títí ọ̀sán, ẹkún ọmọ. Kò lọ lọ́dún náà, kò sì lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

3.
Zubaidah fúnra rẹ̀ wá fi iná sílẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó káwọ́ sórí itan. Ó ń sanra, oorun kì í tó o, kì í sì í tètè yàgbẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti mọ̀, "Màmá", "omi", "wá", ń dín kù lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní, "Alihamudulilahi, ọmọ ti gbọ́n."

Mùjíbátù náà dúpẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti bímọ, ó ń jẹun kí oúnjẹ tó tutù. Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó máa ń sinmi ò lè mọ bí ìsinmi ṣe ń dùn lára ẹni tí kì í sinmi.

Sàníù, ọkọ rẹ̀, ti oko dé lọ́jọ́ kan, ó wo ọmọ títí.

"Ṣé ọmọ yìí ò mọ̀ pé mo ti dé ni?"

"Ó ti dàgbà ni, Bàbá Zubaidah."

4.
Ẹyin iná ta láti ìdí ààrò, ó bọ́ sórí ẹní. Ẹní ń jó lọ sí ẹsẹ̀ Zubaidah, ọmọ ń wò ó, kò sún. Kí ìyá rẹ̀ tó gbé e, ẹsẹ̀ ti bó. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù nítorí iná, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ni Dókítà Títíladé ń wò.

"Láti ìgbà wo ló ti dákẹ́ báyìí?"

Mùjíbátù ń ka oṣù lórí ìka.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà ní, "Ohun kékeré kan wà lọ́rùn èèyàn, táírọ́ìdì là ń pè é, òun ló ń ta ara jí. Tirẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì tipẹ́. Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ò gbé e wá fún yẹn ni ì bá ti fi hàn."

"Kí ni yóò lò?"

"Hóró oògùn kan láràárọ̀."

"Ìyẹn náà ni?"

"Ìyẹn náà ni."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ńkọ́, Dókítà?"

Dókítà ní, "Ara rẹ̀ á jí. Ní ti ọ̀rọ̀, mi ò lè ṣèlérí. Ìgbà tó yẹ kí ọpọlọ fi kọ́ ọ ló fi sùn."

5.
Zubaidah ti ń sáré báyìí. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí oògùn yẹ̀, kì í sì pa ọjọ́ ọsibítù jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ, ìró ìyá rẹ̀ ló ń fà. Mùjíbátù á bu omi, á di ife mú díẹ̀.

"Sọ pé omi. Omi."

Ọmọ á wo ẹnu ìyá rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún fa ìró. Ìyá á fún un lómi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò, ẹ gbé e lọ, ìbáà máa jó, ìbáà máa yọ̀. Bó bá sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ má tíì dúpẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.